Ẹnu Ìrọ̀rí

Nígbà tí oorun kọ́kọ́ kúrò lójú Onírọ̀rí, àwọn èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ni kò ní fi ṣe yẹ̀yẹ́? Obìnrin tó ń rán ìrọ̀rí fún gbogbo àdúgbò, tí ìrọ̀rí ga dé àjà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun ni kò rí oorun sùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu wọn. Ojú obìnrin náà wọnú. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó sì ń fi orúkọ oníbàárà kan pe òmíràn. Dókítà fún un lóògùn oorun, ó lò ó tán, ó sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì títí ilẹ̀ fi mọ́, ó ń wo ògiri. Dókítà ní bó bá ń lọ báyìí, kò ní pẹ́ tí ọkàn rẹ̀ yóò fi dáṣẹ́ sílẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọmọbìnrin tó ti ń sún mọ́ ọdún mẹ́rìndínlógún. Bàbá ọmọ náà ti kú kí ó tó mọ ìrìn. Òògbé ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí kò sí ibi tí kò ti lè sùn: lẹ́yìn kàǹtà, lórí òkìtì òwú, nínú kíláàsì pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Bí ìyá ṣe ń wá oorun kiri, bẹ́ẹ̀ ni oorun ń wá ọmọ kiri. Àwọn kan ti ń fura sí ìyẹn náà. Wọ́n ní ohun tó bá sọnù lójú ẹnì kan, ojú ẹlòmíràn ni kí a ti lọ wá a.

Iṣẹ́ ìrọ̀rí ní òfin tirẹ̀. Bí oníbàárà bá gbé ìrọ̀rí àtijọ́ wá, wọn a tú u, wọn a sá òwú inú rẹ̀ sóòrùn, wọn a fi ọ̀pá nà án títí yóò fi wú, wọn a sì kó o padà sínú aṣọ tuntun. Ihò tí wọ́n gbà kó o wọlé ni wọ́n ń pè ní ẹnu. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń rán ẹnu pa, kì í ṣe ẹ̀rọ. Òfin tó tóbi jù sì ni pé òwú orí ẹni méjì kì í gbé inú ìrọ̀rí kan. Ẹni tó kọ́ Onírọ̀rí níṣẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un, kò sì sọ ìdí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òwú wọ́n, ọmọ sì nílò ìrọ̀rí. Bí òwú oníbàárà bá ṣẹ́kù tí kò wọnú aṣọ mọ́, Onírọ̀rí a jù ú sínú àpò kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí àpò kún, ó fi rán ìrọ̀rí fún ọmọ rẹ̀. Ẹ̀kúnwọ́ kan ti olùkọ́ ìṣirò, ẹ̀kúnwọ́ kan ti alápatà, ti ará ilé, ti ará òde. Èmi ò bá a wí. Ìyá wo ló fẹ́ da òwú tó ṣì dára nù?

Ọjọ́ tí Òògbé kọ́kọ́ gbórí lé ìrọ̀rí náà, inú àlá olùkọ́ ìṣirò ló bá ara rẹ̀. Olùkọ́ tó máa ń fẹgba lé gbogbo kíláàsì dúró níwájú pátákó, ṣòkòtò péńpé nìkan ló wà lára rẹ̀, àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi sì ń bi í pé eéjì àti eéjì jẹ́ mélòó. Kò mọ̀ ọ́n. Ó yíjú, ó rí Òògbé. "Jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni," ló wí. Nígbà tí wọ́n pàdé lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ fara mọ́ ògiri kọjá, kò wo ojú rẹ̀. Ìgbà náà ni Òògbé mọ̀ pé àlá náà kì í ṣe tòun.

Ó wọ inú àlá alápatà, ó bá a níbi tó ti ń kúnlẹ̀ bẹ ewúrẹ́. Ó wọ inú àlá Onífóòmù tó ń ta ọjà ní òdìkejì títì, obìnrin tó máa ń sọ fún ẹni gbogbo pé òwú ti di ti ayé ọjọ́un. Àṣé òun náà ti fi ìrọ̀rí òwú ránṣẹ́ wá kí wọ́n bá a tún un ṣe ní bòókẹ́lẹ́, nítorí fóòmù ń dùn ún lọ́rùn. Kí a má parọ́, gbogbo rẹ̀ dùn mọ́ Òògbé. Ọmọ wo ni kò ní dùn mọ́?

Àfi ọ̀sán ọjọ́ kan tó sùn lọ lẹ́yìn kàǹtà, tó bá ara rẹ̀ nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé. Ẹnì kan jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó fi aṣọ funfun borí. Ìrọ̀rí tó tóbi tó èèyàn wà lórí itan rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ rán ẹnu rẹ̀ pa. Láti inú ẹnu ìrọ̀rí náà, ojú ìyá Òògbé ń wò ó. Ojú náà là sílẹ̀, kò ṣẹ́. Bí abẹ́rẹ́ bá ti wọlé tó tún jáde, ẹnu ìrọ̀rí a tún kéré sí i. Òògbé fẹ́ pe ìyá rẹ̀, òwú kún un lẹ́nu. Nígbà tó jí, ó tu fọ́nrán òwú méjì sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Nínú gbogbo àwọn tí òwú orí wọn wà nínú ìrọ̀rí rẹ̀, ẹnì kan wà tó ń fi oorun ọ̀sán rán ìyá rẹ̀ pa.

*

Lẹ́yìn ilé àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ọ̀nà tóóró kan wà tí iná kì í dé. Ìrọ̀lẹ́ ni ẹni náà gba ibẹ̀ wọlé, ó fi aṣọ bo orí dé ojú. Oníṣègùn tó ń gbé ibẹ̀ ń jẹun lọ́wọ́, kò dìde.

"Ọwọ́ ẹ̀ ti ń gbọ̀n," ni ẹni náà wí. "Kò mọ orúkọ oníbàárà mọ́."

"Mo sọ fún ẹ pé ó máa ṣiṣẹ́. Èyí kékeré yẹn dà?"

Ẹni náà mú un jáde lábẹ́ aṣọ. Ìrọ̀rí ni, ṣùgbọ́n kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Inú ìrọ̀rí tí Onírọ̀rí fúnra rẹ̀ ń gbórí lé ni wọ́n ti fa òwú tó wà nínú rẹ̀ jáde. Ẹnu rẹ̀ ti ń pa dé, ihò tó kù kò gbà ju ìka méjì lọ. Oníṣègùn wò ó, kò fọwọ́ kàn án.

"Gbogbo oorun tó kúrò lójú ẹ̀, ibí ló há sí. Máa rán an díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tí ẹnu ẹ̀ bá pa dé, gbogbo ẹ̀ á bò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Á sùn, kò sì sẹ́ni tó máa rí i jí."

"Kí làwọn èèyàn máa sọ?"

"Wọ́n á ní ó ti rẹ̀ ẹ́ tipẹ́, ó sinmi." Oníṣègùn lá ìka rẹ̀. "Okùn ńkọ́? Ṣé o ò gbàgbé ohun tí mo sọ nípa okùn?"

"Ọmọ ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa ki í bọ abẹ́rẹ́."

"Tìfẹ́tìfẹ́. O ò gbọdọ̀ fipá mú un. Bí ọmọ yẹn bá mọ̀ ọ́n, tó kọ̀, tó sì fọwọ́ ara ẹ̀ tú u, oorun ìyá ẹ̀ á padà sílé. Oorun tìẹ ló sì máa bá a jáde lọ."

Ẹni náà dá ìrọ̀rí náà padà sábẹ́ aṣọ. "Kò lè kọ̀. Kì í kọ iṣẹ́ fún mi."

Bí ó ti ń jáde lọ, Oníṣègùn pè é padà. "Obìnrin yẹn ò tíì lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́ṣẹ, àbí? Rí i dájú pé kò lọ."

*

Ó ti lọ. Ọjọ́ yẹn gan-an ló lọ.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ ń gbé ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, òun àti Oníṣègùn sì ti jẹ́ tọkọtaya rí. Láti ìgbà tí wọ́n ti kọra wọn sílẹ̀, ohun tí èyí bá dì, tọ̀hún á tú u. Ẹni tí tọ̀hún bá gbé dìde, èyí á tún un gbé ṣubú. Àwọn èèyàn ní ìfẹ́ ló kù sínú ọ̀rọ̀ náà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àdúgbò ló ń jẹ ìyà rẹ̀.

Onírọ̀rí gbé ìrọ̀rí rẹ̀ lọ bí wọ́n ti ní kí ó ṣe. Arúgbó náà tẹ̀ ẹ́ níbí, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún, ó fi imú sí i.

"Wọ́n ti fa òwú nínú èyí."

"Ta ló fà á, Ìyá?"

"Ẹni tó lè gbé ìrọ̀rí ẹ láìjẹ́ pé o bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ìwọ ni wàá mọ̀ ọ́n, kì í ṣe èmi." Ó gbé ìrọ̀rí náà sílẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó pa á mọ́ra, ó tún sọ ọ́. "Ọwọ́ ọmọdé kan wà níbẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ẹ. Ọmọ kan ń bá wọn ṣe é."

Arúgbó náà wé ọṣẹ funfun kan sínú bébà fún un. Ó ní kí ó gbé e sínú abọ́ omi lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹni tó bá wọlé máa fi fọ ọwọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́, ọṣẹ á hó funfun. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ibi, kò ní hó lọ́wọ́ rẹ̀ rárá.

Nígbà tí ó délé, Òògbé ń sùn lórí òkìtì òwú, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀, ó ń mí bí ọmọ ọwọ́. Onírọ̀rí dúró lé e lórí fún ìgbà pípẹ́. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Òwe yẹn ti wà lẹ́nu rẹ̀ láti kékeré, kò sì rò pé òun yóò wo ọmọ òun kí òun tó rántí rẹ̀.

"Dìde," ló wí. "Lọ fọ ọwọ́ ẹ."

Òògbé fọ ọwọ́. Ọṣẹ náà hó, ó hó dáadáa, ṣùgbọ́n ìfófó rẹ̀ dúdú bí omi tí wọ́n fi fọ ìkòkò. Àwọn méjèèjì wò ó. Ìyá Ọlọ́ṣẹ kò sọ ohunkóhun nípa dúdú.

"Ọṣẹ wo rèé, Màmá?"

"Ọṣẹ ni." Ìyá rẹ̀ da omi náà nù. Láti ọjọ́ náà, ó ń ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ láti inú, kò sì mu omi tí ọmọ rẹ̀ bá bù wá mọ́.

*

Ìyà ńlá ni kí ìyá ẹni máa wo ọwọ́ ẹni kí ó tó wo ojú ẹni. Òògbé fara dà á títí, kò rí i fara dà mọ́, ó bá gba ọ̀dọ̀ Ìyá Máṣíìnì lọ.

Ìyá Máṣíìnì ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, aránṣọ tí ilé rẹ̀ kò ju ilé kejì sí tiwọn lọ. Òun ló ń rán aṣọ ìrọ̀rí fún ṣọ́ọ̀bù àbúrò rẹ̀. Kò bímọ. Nígbà tí Onírọ̀rí bí Òògbé, àìsàn dá a gúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gba ọmọ náà, tó pọ̀n ọ́n, tó ń fi ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ ẹ́ lẹ́kún. Ìgbà tí ọmọ máa bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ni ìyá rẹ̀ tó gbà á padà. Òògbé ló sọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Ìyá Máṣíìnì, gbogbo àdúgbò sì bá a pè é bẹ́ẹ̀. Ojú aránṣọ náà kò ríran nítòsí mọ́. Lójoojúmọ́ tí ilé ìwé bá ti parí, Òògbé á yà síbẹ̀, á bá a ki okùn bọ ojú abẹ́rẹ́.

"Màmá ò gbà mí gbọ́ mọ́," ni Òògbé wí. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín àkísà aṣọ, ó rọ́ àlá náà fún un, látorí òwú àjọkó inú ìrọ̀rí rẹ̀ títí dé orí ojú ìyá rẹ̀ tó ń wò ó láti inú ìrọ̀rí ńlá.

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

"Ṣé o rí ojú ẹni náà?"

"Rárá, mà. Ẹ̀yìn ló kọ sí mi."

Ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀. "Onífóòmù ni. Ta ló tún kù? Ta ló ń bá ìyá ẹ du oníbàárà? Ṣé o ò gbọ́ bó ṣe máa ń kí i láràárọ̀, 'Ṣé ẹ sùn dáadáa?' Sí ẹni tí kò sùn! Fi ẹ̀jẹ̀ sínú, tutọ́ funfun."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Òògbé létí. Ó padà sílé, ó tú ìrọ̀rí rẹ̀, ó sì wá òwú Onífóòmù nínú rẹ̀. Kò ṣòro rí: aṣọ ìrọ̀rí àtijọ́ obìnrin náà ti ṣí àwọ̀ ewé sí i lára. Ó ṣà á kúrò fọ́nrán-fọ́nrán, ó jù ú síta. Ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó gbórí lé ìrọ̀rí. Yàrá tí kò ní fèrèsé tún dé. Ẹ̀yìn ẹni tó ń ránṣọ tún dé. Ẹnu ìrọ̀rí ti kéré débi pé imú àti ojú ìyá rẹ̀ nìkan ló kù níta.

Ó sáré lọ sọ fún Ìyá Máṣíìnì pé kì í ṣe Onífóòmù.

"O yọ òwú ẹ̀ kúrò, àlá yẹn ò sì lọ?" Aránṣọ náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. "Má yọ nǹkan kan nínú ẹ̀ mọ́. Ó léwu. O ò mọ ohun tó ò ń fọwọ́ kàn. Gbé ìrọ̀rí yẹn wá fún mi lọ́la, kí n bá ẹ rán aṣọ tuntun sí i."

"Ẹ ṣé, mà."

"Bá mi ki okùn bọ abẹ́rẹ́ yìí kó o tó lọ."

Òògbé fi itọ́ tẹ́ orí okùn náà, ó ki í bọ̀ ọ́. Ìyá Máṣíìnì gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó fi gún apá aṣọ tó wọ̀, kò fi rán nǹkan kan. Òògbé ti rìn dé àárín ọ̀nà kí ó tó dúró. Aṣọ tó wà lórí ẹ̀rọ, pupa ni. Okùn tí òun kì bọ abẹ́rẹ́, funfun ni. Ó dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé àìsùn ìyá òun ti fẹ́ máa ran òun, ó bá ń lọ sílé.

*

Lẹ́yìn tí ọmọ lọ tán, Ìyá Máṣíìnì ti ilẹ̀kùn. Ó fa àpótí abẹ́ ẹ̀rọ jáde, ó kó àwọn bọ́tìnnì kúrò lókè, ó sì mú ìrọ̀rí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ jáde.

Kò kórìíra àbúrò rẹ̀. Kí ẹni tó ń ka ìwé yìí má tètè dájọ́. Ó kàn jẹ́ pé ní ọjọ́ kan, nínú ṣọ́ọ̀bù ìrọ̀rí, oníbàárà kan ní ọmọ yìí mà lẹ́wà, ọmọ ta ni? Ó sì dáhùn pé, "Ọmọ mi ni." Onírọ̀rí bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi ni o. Ẹ̀gbọ́n mi kàn bá mi pọ̀n ọ́n ni." Oníbàárà náà rẹ́rìn-ín, ọmọ pàápàá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín lásán ni. Kò sí ẹni tó tún rántí rẹ̀ àfi ẹnì kan.

Kàn bá mi pọ̀n ọ́n. Bí ẹni tó bá a gbé agbọ̀n dé oríta.

Ó rán ojú abẹ́rẹ́ kan. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì adìẹ. Ihò tó kù kò gbà ju ìka kan lọ báyìí, okùn sì tán. Okùn ọ̀la ni yóò parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọmọ kò ní ní ẹlòmíràn láyé, á kó ẹrù rẹ̀ wá sí ilé kejì, ẹ̀rọ ìránṣọ á sì máa fi ariwo rẹ̀ sùn ún bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ti tọ́jú igun tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ yóò wà.

Ohun kan ṣoṣo ló ń dà á láàmú. Òun náà ti gbé ìrọ̀rí tirẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ tún ṣe rí. Nígbà náà, kò ronú kan àpò tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

*

Oòrùn ń ràn gan-an lọ́jọ́ kejì. Onírọ̀rí wà ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ó fara ti ògiri, kò lè dìde mọ́. Òògbé wà lẹ́yìn kàǹtà. Ó ti múra pé òun kò ní sùn, ṣùgbọ́n ta ló ń bá orúkọ ara rẹ̀ jà? Ó gbórí lé ìrọ̀rí rẹ̀ kí ó lè ronú dáadáa, ó sì lọ.

Yàrá tí kò ní fèrèsé. Láti ẹnu ìrọ̀rí, ojú ìyá rẹ̀ kan péré ló kù tó ń wò ó. Ẹni tó kọ ẹ̀yìn sí i gbé abẹ́rẹ́ sókè láìyíjú.

"Òògbé ọmọ mi, bá mi ki okùn bọ abẹ́rẹ́ yìí. Ojú mi ò ríran."

Òògbé ti mọ ohùn yẹn kí ó tó mọ ti ẹnikẹ́ni láyé. Orí ẹ̀yìn ẹni tó ni ín ló ti kọ́ ọ. Ó jí.

Ìyá Máṣíìnì dúró níwájú kàǹtà nínú oòrùn, ojú rẹ̀ wú díẹ̀ bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹjú. Aṣọ pupa wà ní apá rẹ̀. Ó na abẹ́rẹ́ àti okùn funfun sí i.

"O tún ti sùn. Òògbé ọmọ mi, bá mi ki okùn bọ abẹ́rẹ́ yìí. Ojú mi ò ríran."

Òògbé gba abẹ́rẹ́. Kò tíì sí àgbà tó rán an níṣẹ́ tó kọ̀ rí. Kì í ṣe pé ó dára ju ọmọ ẹlòmíràn lọ. Wọn kò kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

"Kí lẹ fẹ́ fi rán, mà?"

"Aṣọ yìí."

"Pupa ni aṣọ yẹn."

"Mo fẹ́ fi dì í mú kí n tó fẹ̀rọ rán an ni. Láti ìgbà wo lo ti ń kọ́ mi níṣẹ́?"

"Ẹ jókòó, mà. Ẹ jẹ́ kí n bá yín dì í mú níbí."

Ìyá Máṣíìnì kò jókòó. Ó wo ọmọ náà fún ìgbà díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Òògbé. Ta ló pọ̀n ọ́?"

"Ẹ̀yin ni."

"Bí ikọ́ bá ń ṣe ẹ́, ta ló ń jí?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Ó dáa. Ki okùn bọ abẹ́rẹ́."

Omi ti ń dà lójú Òògbé. Ó tọ́ka sí abọ́ ọṣẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, èyí tó ti mọ̀ pé ìyá òun fi ń dán ọwọ́ èèyàn wò. "Ẹ kọ́kọ́ fọ ọwọ́ yín."

"Mo ti fọ̀ ọ́ nílé."

"Ẹ tún un fọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́."

Láti yàrá ẹ̀yìn, Onírọ̀rí fi ohùn tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán béèrè pé, "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, àbúrò mi."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wọlé o. Ẹ wá jókòó tì mí. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù tí ọkàn mi balẹ̀ sí."

Aránṣọ náà pa ojú dé nígbà tó gbọ́ ọ, ó sì tún là á. Kò lọ sídìí abọ́. Òògbé rí i pé kò lọ. Gbogbo ohun tó ti ń fi ara pamọ́ fún un tò síwájú rẹ̀: ìrọ̀rí ìyá rẹ̀ tí ẹnì kan ṣoṣo ń gbà rán aṣọ fún, okùn funfun ojoojúmọ́, ọwọ́ tí ìfófó rẹ̀ dúdú. Ọwọ́ òun ni. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni okùn ń tọ̀, òun ló sì ń fi okùn sí i láti ọjọ́ yìí wá.

"Mi ò ṣe," ló wí.

"Kí lo sọ?"

"Mo ní mi ò ṣe é, mà." Ó ju abẹ́rẹ́ sínú abọ́ ọṣẹ, ó fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ó sì sáré.

Ilé kejì kò jìnnà, ṣùgbọ́n ó gbọ́ sálúbàtà tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ó ti ilẹ̀kùn wọlé, ó ń wá ìrọ̀rí tó rí lójú àlá. Ó wo abẹ́ àkísà, ó wo ẹ̀yìn dígí, kò rí nǹkan kan. Ó fa àpótí abẹ́ ẹ̀rọ, bọ́tìnnì fọ́n ká ilẹ̀. Ìrọ̀rí kékeré náà gbóná lọ́wọ́ rẹ̀ bí ara ẹni tí ibà ń ṣe, ó sì ń sọ kúlúkúlú. Kò wá sáàsì. Eyín ló fi já okùn náà, ó sì fa ẹnu ìrọ̀rí ya títí dé ìsàlẹ̀.

Ohun tó jáde, kò sí ẹni tó lè sọ pé báyìí ló rí. Òògbé gbọ́ ọ: ó dà bí ẹni tó yán gùn, gùn, tó sì rẹ̀ ẹ́ gan-an. Ó kọjá lára rẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ìyá Máṣíìnì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀ di òpó ilẹ̀kùn mú, ojú rẹ̀ sì là gbàràgàdà bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára.

"Mo fẹ́ kó o jẹ́ ọmọ mi ni," ló wí.

"Ọmọ yín ni mo ń jẹ́ tẹ́lẹ̀," ni Òògbé dáhùn. Ó ń sunkún débi pé òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ dáadáa.

Nígbà tí ó padà dé ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà mẹ́ta dúró síwájú kàǹtà, ẹnu yà wọ́n. Láti yàrá ẹ̀yìn, Onírọ̀rí ń hanrun tí ògiri ń gbọ̀n. Òògbé dúró tì í, ó gbé ọwọ́ sí i lábẹ́ imú títí ó fi dá a lójú pé ó ń mí. Lẹ́yìn náà ló jókòó sílẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́.

*

Òògbé tú ìrọ̀rí àjọkó rẹ̀, ó sì jẹ́ kí atẹ́gùn kó òwú rẹ̀ lọ. Apá rẹ̀ ló ń gbórí lé báyìí, àlá tirẹ̀ ló sì ń lá. Olùkọ́ ìṣirò ti ń wo ojú rẹ̀ padà, ó tiẹ̀ ti nà án lẹ́gba kan. Ọṣẹ hó funfun lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá rẹ̀ rí i, ó fa orí rẹ̀ mọ́ra, ó sì bẹ̀ ẹ́. Òògbé kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ìyá rẹ̀ béèrè lẹ́ẹ̀kan, kò béèrè mọ́. Mo rò pé ó ń bẹ̀rù ìdáhùn.

Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, Ìyá Máṣíìnì wá dúró níwájú kàǹtà. Ojú rẹ̀ ti wọnú, ó pọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní òun ń wá ìrọ̀rí.

Onírọ̀rí tó ti tún sanra káwọ́ lérí. "Ẹ̀gbọ́n mi, àṣé ó ń ràn ni? Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mo mọ bó ṣe ń ṣe èèyàn. Òògbé, rán èyí tó dáa jù fún ìyá ẹ."

Òògbé mú aṣọ tó le, ó mú òwú tuntun tí orí ẹnikẹ́ni kò tíì kàn, ó nà án títí ó fi wú. Kò yan ẹ̀kúnwọ́ kan jẹ. Ó kó o sínú aṣọ, ó gbọ̀n ọ́n, ó sì gbé e lé orí kàǹtà láì rán ẹnu rẹ̀. Ó gbé abẹ́rẹ́ kan lé e lórí àti okùn gígùn kan tí kò tíì kì bọ̀ ọ́.

"Ẹnu ẹ̀ ló kù, mà," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ máa rán an."

Onírọ̀rí fẹ́ sọ̀rọ̀, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ó sì padà sídìí òwú rẹ̀.

Ìyá Máṣíìnì gbé abẹ́rẹ́ sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ó fi itọ́ tẹ́ orí okùn. Ó na okùn sí abẹ́rẹ́, okùn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó tún nà án, ó tún kọjá. Oníbàárà dé, wọ́n dá a lóhùn, ó lọ, òmíràn dé. Obìnrin náà ṣì wà níbẹ̀, ó ń wá ojú abẹ́rẹ́. Ọwọ́ Òògbé dìde fúnra rẹ̀ láti gbà á, bí ó ti máa ń dìde lójoojúmọ́ ayé rẹ̀. Ó fà á padà, ó fi sábẹ́ itan, ó sì jókòó lé e.